Ohun Tí Mo Fi Kún Ẹ̀sùn Ògúndélé

Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ mí ní Igbó-Ọrà ni Nọ́tì-Ónlì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi ṣì tuntun lọ́wọ́ mi, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sára pátákó: "not only… but also". Mo yíjú sí àwọn ọmọ náà, mo ní kí àwọn ìbejì tó wà níbẹ̀ dìde. Ọmọ àlejò ni mí nígbà náà, mo rò pé méjì péré ni màá rí. Àwọn mẹ́sàn-án ló dìde. Ẹnì kẹsàn-án ní ìkejì òun wà ní kíláàsì tó kángun sí tiwa, ṣé kí òun lọ pè é wá.

Mo mú Táyé kan àti Kẹ́hìndé kan wá síwájú. Mo bi wọ́n léèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ dé ilé ayé nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Táyé ní òun ni.

"Ta wá ni ẹ̀gbọ́n?"

Gbogbo kíláàsì pariwo pé, "Kẹ́hìndé!"

Mo ní, "Ẹ ṣeun. Bí gbólóhùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ni Táyé, wọ́n kàn rán an kó wá tọ́ ayé wò ni. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni àgbà. Ohun tó bá wúwo jù lọ́wọ́ yín, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí."

Kí agogo ìsinmi tó lù, orúkọ náà ti mọ́ mi lórí.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi gbólóhùn yẹn jẹun nílẹ̀ Ìbàràpá. Òun náà ni mo fi ba orúkọ ọ̀rẹ́ mi jẹ́, tí wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi náà kú lọ́dún yìí. Ohun tó kù fún mi láti pinnu lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni bóyá màá jẹ́ kó wọlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí mo bà jẹ́, àbí màá tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹni tí kò bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè béèrè pé kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ní èdè tiwa, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ní, "Kì í ṣe pé ọmọ náà ga nìkan, ó tún lẹ́wà." Bí o bá ní "ó ga, ó sì lẹ́wà", o ti sọ ohun méjì, ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí o bá fi "kì í ṣe pé" ṣíwájú, ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ó ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Bí ohun tó ń bọ̀ kò bá tó ohun tó ṣáájú, ojú á tì ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì fi fẹ́ràn rẹ̀ nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, nínú ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ àti nínú ìwé ẹ̀sùn. Ó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ lásán dà bí ohun tó ń gun òkè.

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní yunifásítì, òyìnbó arúgbó kan tí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lára kóòtù rẹ̀, kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Ó ní kí a má fọwọ́ kàn án àyàfi tí ohun méjì bá wà lọ́wọ́ wa ní tòótọ́. Mo kọ ìkìlọ̀ náà sílẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo kọ lọ́dún yẹn ni mo tún kà kí n tó ṣe ìdánwò, àfi ojú ewé yẹn.

Àwọn ọmọ mi lo gbólóhùn náà títí ó fi sú àwọn tó ń máàkì ìdánwò. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ láti ọ̀nà Lánlátẹ̀, kọ ọ́ nípa bàbá rẹ̀ pé kì í ṣe pé ó wà láàyè nìkan, ó tún ń gbin ẹ̀gẹ́.

Mo bi í pé, "Ṣé òkú máa ń gbin ẹ̀gẹ́ ni?"

Ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ ní ọ̀kan ò gbọdọ̀ dá wà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fún un ní máàkì.

Àwọn ará ìlú náà kò jẹ́ kí n sinmi. Bí àlejò ìjọba bá ń bọ̀, èmi ni wọ́n máa wá bá kí n kọ ọ̀rọ̀ ìkíni. Bí àdúgbò bá fẹ́ omi ẹ̀rọ, èmi ni. Ìwé ẹ̀rí ìwà gbogbo ọmọ tó jáde nílé ẹ̀kọ́ wa, èmi ni mò ń kọ ọ́, pírínsípà á kàn buwọ́ lù ú. Ìyá kan wá sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó kúnlẹ̀ tòun ti ọmọ rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́tì-ónlì yẹn sí ti ọmọ mi. Ti ọmọ Ìyá Ṣadé ní i, òun ló fi ríṣẹ́." Mo fi sí i. Orí mi wú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ògúndélé ni, olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ọmọ ilẹ̀ Ìbàràpá gan-an ni, ìdílé ọdẹ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ló dàgbà sí. Bàbá ìbejì ni, àmọ́ bí ènìyàn bá pe "Bàbá Ìbejì" ní Igbó-Ọrà, ìdajì ọjà ló máa dáhùn, nítorí náà Bàbá Táyé ni à ń pè é. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á wọlé láti oko ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní bàtà, á jókòó sí etí tábìlì mi, á gbé ohunkóhun tí mo bá ń kọ lọ́wọ́, á máa kà á.

"Nọ́tì-Ónlì, gbólóhùn rẹ yìí, ewúrẹ́ ni."

"Báwo ló ṣe jẹ́ ewúrẹ́?"

"Kò mọ ọ̀kan bí. Ọjọ́ tó bá sì bí ọ̀kan, ìwọ á lọ jí ọmọ ewúrẹ́ ẹlòmíràn gbé, wàá tì í sí i lábẹ́ kó lè pé méjì."

Gbogbo yàrá àwọn olùkọ́ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló wá ilé fún mi nígbà tí mo dé. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé ọmọ mi àkọ́kọ́, Fúnmi, pọ̀n nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ kíláàsì tuntun sórí ilẹ̀ oko ilé ẹ̀kọ́. Ògúndélé lọ bá pírínsípà pé báwo ni àwọn ọmọ ṣe máa ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọ̀gbìn láìfọwọ́ kan ilẹ̀. Pírínsípà ní kó máa kó wọn lọ sí oko ara rẹ̀ lábúlé. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́, kò kọ ọ́ síwèé. Ògúndélé gé apá kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú oko náà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ebè tirẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sára igi pẹlẹbẹ tí wọ́n gún síwájú ebè. Iṣu tí ọmọ bá wà jáde, òun ló ń gbé e lọ sílé. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan. Mo bá wọn jẹ iṣu tí wọ́n sun lábẹ́ igi, mo sì ń ka orúkọ ara àwọn igi náà kiri: Táyé, Kẹ́hìndé, Táyé, Ìdòwú, Kẹ́hìndé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé n kò mọ bí oko yẹn ṣe rí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà òjò, ìyá Ògúndélé dùbúlẹ̀ àìsàn lábúlé. Ó lọ wò ó ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ní òun á padà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Odò tó dá ọ̀nà kún ní òru, ọ̀kadà kò lè kọjá, kò sì sí fóònù nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi há síbẹ̀. Ọjọ́ kejì nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ dé láti Ìbàdàn. Wọ́n bá kíláàsì rẹ̀ láìsí olùkọ́, àwọn ọmọ sì ń sọ òkò sí igi máńgòrò. Wọ́n ní kí pírínsípà ṣèwádìí, kó fi ìjábọ̀ ránṣẹ́.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta jókòó: pírínsípà, igbákejì rẹ̀, àti èmi akọ̀wé. Ògúndélé ṣàlàyé, ó sì tọrọ àforíjì. A fẹnu kò pé kí wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ oko nínú ìjókòó yẹn. Wọ́n ní kí n lọ kọ ìjábọ̀ náà.

Mo jókòó sí ìdí tábìlì mi. Mo kọ ọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé kò wá sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta láìgba àyè. Mo wò ó. Ó kúrú, ó tutù bí ẹ̀bà àná. Àwọn ará Ìbàdàn ló sì máa kà á, ọ̀kan nínú àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ọ̀hún ti bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti gbọ́ nípa Gẹ̀ẹ́sì mi. Mo fa igi sórí ohun tí mo kọ. Mo fi "not only" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wá di dandan kí nǹkan tẹ̀ lé e, kí nǹkan náà sì wúwo ju ti iwájú lọ. Mo wá a kiri nínú orí mi. Ohun tó sún mọ́ mi jù ni oko.

Bó ṣe rí nìyí ní èdè wa: kì í ṣe pé Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé fi ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nìkan, ó tún ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ara rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ó kó wọn lọ lóòótọ́. Oko rẹ̀ ni lóòótọ́. Wọ́n sì ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ irọ́ ni, èmi tí mo kọ ọ́ sì mọ̀ pé irọ́ ni.

N kò kórìíra rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí gbólóhùn náà dùn ni. Ohun tó ń bí mi nínú jù títí dòní nìyẹn. Bí ó bá ṣe pé mo kórìíra rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ìbá tiẹ̀ nídìí.

Pírínsípà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, ó kà á sókè.

"Nọ́tì-Ónlì! Gẹ̀ẹ́sì rèé." Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. "Ti oko yìí, ṣé kó wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ìwé náà ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí a bá yọ ọ́."

"Wọn ò ní bi mí pé ta ló fún un láyè?"

"A ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan fún un láyè, sà."

Ó wò mí. Ó ṣí bírò rẹ̀, ó buwọ́ lù ú.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé dé láti Ìbàdàn pé wọ́n ti lé Ògúndélé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sọ ti ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo èyí tó kù, oko ni. Ó mú ìwé náà wá bá mi nídìí igi máńgòrò.

"Ta ló sọ fún wọn pé mò ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀."

"Ìwọ náà jẹ iṣu níbẹ̀. O rí orúkọ wọn lára igi."

"Mo rí i."

"Bá mi kọ ọ́ sí wọn. Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́."

"Màá kọ ọ́."

N kò kọ ọ́. Mo ní ìdánwò ló ń bọ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, mo ní ara mi ni kò yá. Bí mo bá kọ lẹ́tà yẹn, màá ní láti sọ ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́. Ògúndélé dúró dè mí títí ó fi sú u, ó wá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ láti lọ rí wọn lójúkojú. Wọn kò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó dé, kò bi mí ní lẹ́tà mọ́. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí abúlé, ó di àgbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í dúró sínú ọ́fíìsì ní ìlú kékeré. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní Akómọroko. Mo wà ní ọjà Lánlátẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú àpò àgbàdo, tí obìnrin kan ké sí ọmọ rẹ̀ pé, "Sá wọlé o, Akómọroko ń kọjá!" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ògúndélé kò yíjú padà. Mo dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ta aṣọ títí ó fi lọ tán.

Láti ọdún tó kó lọ sí abúlé, bí iṣu tuntun bá ti dé, ó máa ń fi márùn-ún ránṣẹ́ sí mi. Kẹ́hìndé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló máa ń gbé e wá, láti ìgbà tó wà ní kékeré títí ó fi di ìyálé ilé. Bí èmi àti Ògúndélé bá pàdé, á ní, "Tíṣà, ṣé iṣu dé?" Màá ní, "Ó dé o, Bàbá Táyé, o ṣé." Àwa méjèèjì á gba ọ̀nà wa lọ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó kíyè sí i pé láti ọjọ́ tó ti Ìbàdàn dé ni kò ti pè mí ní Nọ́tì-Ónlì mọ́.

Èmi fẹ̀yìn tì ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ṣe ayẹyẹ fún mi nílé ẹ̀kọ́. Ẹni mẹ́rin ló sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kì í ṣe pé mo jẹ́ olùkọ́ nìkan, mo tún jẹ́ bàbá. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn ara mi lẹ́nu wọn. Ìjókòó Ògúndélé ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ orí wa kò ju ara wọn lọ.

Ní báyìí, fóònù ló ń bá àwọn ọmọ kọ lẹ́tà. Ọmọ Fúnmi fi ọ̀kan hàn mí lọ́jọ́ kan. Gbólóhùn mi wà níbẹ̀ nígbà mẹ́ta lójú ewé kan ṣoṣo. Mo bi í bóyá ohun méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́.

Ó ní, "Bàbá àgbà, fóònù ló kọ ọ́."

Èmi ò ní fóònù tí mo lè di ẹ̀bi rù.

Ògúndélé kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí. Ọ̀sẹ̀ kejì, Kẹ́hìndé gun ọ̀kadà wá sílé mi. Òun náà ti di olùkọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lánlátẹ̀. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó jókòó, ó sì gbé fáìlì àlòkù kan lé itan.

"Bàbá Fúnmi, Màmá ló ní kí n wá bá yín, sà. A fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí ẹ bá wa kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, pé kò sí ẹlòmíì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tó ṣì wà láàyè."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ nípa bó ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ fo ibẹ̀, sà. Ẹ kàn sọ pé wọ́n lọ dáko. Gbogbo ìlú ti mọ èyí tó kù." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Táyé ní kí ẹ má gbàgbé nọ́tì-ónlì yín o, kó lè dùn."

Ó fi fáìlì náà sílẹ̀ kí n lè rí ọdún tí bàbá rẹ̀ wọṣẹ́. Nígbà tó lọ, mo ṣí i. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Nísàlẹ̀ wọn ni ẹ̀dà ìjábọ̀ mi wà, èyí tí wọ́n fún un ní Ìbàdàn ní ọjọ́sí, pẹ̀lú orúkọ mi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ó ti fi bírò pupa máàkì rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń máàkì iṣẹ́ ọmọ. Ó fa àmì pé ó tọ́ síwájú ìdajì àkọ́kọ́ gbólóhùn náà. Ó fa àmì pé kò tọ́ síwájú ìdajì kejì. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ó ti mọ̀. Kó tó fi iṣu àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi ló ti mọ̀. N kò mọ ohun tó ń fi iṣu yẹn sọ. Bóyá ó ti dárí jì mí ni. Bóyá ó fẹ́ kí n máa jẹ ẹ́ lọ́dọọdún kí n lè máa rántí èyí tí mo jẹ lóko lọ́jọ́ Tọ́sìdé yẹn. Ẹni tí mo lè bi ti kú.

Mo kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kò sì gùn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ní kí n fò, mo kọ ọ́ báyìí: "Ògúndélé kò lọ sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Wọ́n lé e nítorí ẹ̀sùn pé ó ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ nínú oko rẹ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe òótọ́. Àwọn ọmọ náà ló ni ebè wọn, àwọn ló sì gbé iṣu wọn lọ sílé. Èmi tí mo kọ ìwé yìí ni mo kọ ẹ̀sùn náà." Mo buwọ́ lù ú.

Kẹ́hìndé padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ó kà á ní ìdúró. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó tún un kà.

"Ẹ̀yin ni, sà?"

"Èmi ni."

"Bàbá mi mọ̀?"

Mo na ìjábọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi bírò pupa máàkì náà sí i. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Èmi ni mo máa ń ru iṣu yẹn wá. Láti abúlé, nígbà tí a ò tíì lówó ọ̀kadà. Wọ́n á ní, 'Lọ gbé e fún Tíṣà, má jẹ́ kó kán.' Ẹ̀yin á sì ní kí n kí wọn."

Mo ní bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò, kí wọ́n wá ẹlòmíràn kọ ọ́.

"Rárá, sà. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ ó sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó kó fáìlì rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ kó tó jáde, n kò sì retí pé kó kúnlẹ̀.

Mo kà á. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, pósí rẹ̀ wà níwájú mi, n kò gbé ojú sókè títí mo fi parí. Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, irun rẹ̀ ti funfun. N kò dá a mọ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀: ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láàyè tó sì ń gbin ẹ̀gẹ́ ni.

Ó ní, "Ebè mẹ́jọ ni tèmi nínú oko Bàbá Táyé. Ìyá mi se iṣu ibẹ̀ fún wa jẹ." Ó wá wò mí. "Sà, a wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà yẹn. Kí ló dé tí ẹ ò bi wá?"

Ó dúró díẹ̀, bóyá màá dáhùn. Mo ká ìwé ọwọ́ mi. Ó jókòó, àlùfáà sì dá orin.

Iṣu tuntun ti dé ọjà láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọ̀kadà bá dún lójú ọ̀nà, mo ṣì máa ń gbé orí sókè. Lánàá, mo lọ sí ọjà Lánlátẹ̀ fúnra mi láti lọ ra. Obìnrin tó ń tà á wò mí bí mo ṣe ń yẹ iṣu wò.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká máa pe Bàbá Táyé ní Akómọroko?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó nawọ́ sí iṣu náà nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e, mo rù ú wálé.